Ẹni Tó Ń Ba Dígí Alùpùpù Mi Jẹ́

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láyé, nítorí ọjọ́ náà ni mo fi ẹnu ara mi yan ìyà tí wọ́n fi jẹ mí.

N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀tọ́ mi. Láyé ìjọba ológun, alùpùpù ni mo fi ń gbé èrò láti Ìlá lọ sí Òkè-Ìlá. Àràárọ̀, bí mo bá ti kírun tán, n ó rí i pé ẹnìkan ti tutọ́ sí dígí rẹ̀, ó sì ti fi nǹkan funfun yí i. Ta ni ìbá tún ṣe é bí kò ṣe Lásísì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ìdí igi ọsàn tí mò ń gbé alùpùpù sí? Ó ti ń ṣàròyé tẹ́lẹ̀ pé èéfín mi ń ba aṣọ àwọn oníbàárà òun jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fi àpò bo dígí náà, ó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ náà gan-an ni Lásísì lọ sí Ìgbájọ. Ẹ̀rí wo ló tún kù?

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá Baálé agboolé wa. Lọ́dọ̀ wa, olùfisùn ni í kọ́kọ́ sọ ohun tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní kí ẹni tó bá jẹ̀bi dọ̀bálẹ̀ ní gbangba, kí ó sì gbá gbogbo agboolé fún ọjọ́ méje.

“Bàbá, wàláì, n kò fọwọ́ kan dígí Bọ̀ọ̀dá,” ni Lásísì wí. “Ṣé mo jọ ẹni tí ń tutọ́ sí dígí ni?”

“O jọ ọ́ gan-an!” Èmi náà ni mo ta kú pé dandan ni kí Baálé wá fojú ara wọn rí i.

Gbogbo wa bá dé ìdí ọsàn. Ẹyẹ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí ara rẹ̀ ń dán bí àrán, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, ló bà sórí alùpùpù mi. Ó ń fi ẹnu sọ dígí kó-kó-kó, ó sì ń yàgbẹ́ sí i.

Baálé rẹ́rìn-ín. “Ẹyẹ tí ń fa omi dídùn inú òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Òjìji ara rẹ̀ ló rí nínú dígí, ó rò pé akọ mìíràn ló fẹ́ gba ìyàwó òun.” Lóòótọ́, ìtẹ́ wọn ń bẹ lókè, ó rọ̀ dirodiro bí àpò kékeré tí wọ́n fi okùn aláǹtakùn dì, ìyàwó sì ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú un kó wá dọ̀bálẹ̀ ná!” ni Lásísì wí.

“Ẹyẹ ò lè gbálẹ̀,” ni Baálé dáhùn. “Ẹni tó purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gbá a.”

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo jẹun ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Fún ọjọ́ méje ni mo gbálẹ̀, tí ẹyẹ náà ń fò kiri lókè orí mi, tó ń ju òdòdó ọsàn sórí ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Lásísì á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá! Ìdí ọsàn yẹn ò tíì mọ́ o!”

Láti ìgbà náà, bí nǹkan mi bá bàjẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ wo òkè kí n tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Èmi àti ẹyẹ, àwa méjèèjì la bá ọ̀tá tí kò sí jà, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n gbé ìgbálẹ̀ fún. Ẹ̀rín ń pa mí, ó sì tún ń dùn mí.