Ọ̀tá Ọ̀pá-Ìtìlẹ̀ Fẹ́ Joyè

Ní Abà Ẹlẹ́ṣinmẹ́ta, lẹ́yìn Ẹ̀rúnmú, adìẹ pàápàá mọ Mikail Ọládòṣù. Bó bá ń bọ̀, agbádá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé, ikùn rẹ̀ a tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ a wá dé nígbà tó bá wù ú. Kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní Alàájì lásán. "Dókítà Àgbà" ni kí wọ́n máa pè é, bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé ìṣègùn tó lọ kò kọjá ẹ̀yìn ààrò ìyá rẹ̀.

Oríkì tó fi ẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Mọ́níyà lọ: Apa-làkúrègbé-bí-ẹni-pa-ẹ̀fọn! Amú-arọ-sáré-ìje! Ọ̀tá Ọ̀pá-Ìtìlẹ̀! Àgbo rẹ̀, Ajírìn, dúdú bí omi aró, ó sì korò débi pé eṣinṣin tó bá bà lé ẹnu ìgò rẹ̀ a tọrọ àforíjì kó tó kú.

Kò sí àìsàn oríkèé tó ní Ajírìn kì í wò: àrìnká, orúnkún tó ń dún bí ilẹ̀kùn àbà, àti gáòtù, èyí tó máa ń mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wú, kó pọ́n, kó sì máa jóni bí iná.

"Ẹ wò mí!" ni yóò máa pariwo lọ́jà. "Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Hóró oògùn òyìnbó kan ò kan ahọ́n mi rí!"

Ẹ jẹ́ ká rọra. Ọdún mẹ́ta ni gáòtù ti ń bá Dókítà Àgbà fínra. Lóṣooṣù ló ń fa fìlà bojú, tó ń gun ọ̀kadà lọ sí Àkànràn, kí Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá lè fún un ní hóró oògùn tó ń mú kó rìn.

Ìgbà tí Baálẹ̀ Ọlájídé wá ní òun yóò fi í joyè Baba Oníṣègùn, orí Mikail wú ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá joyè yìí, òun nìkan ni yóò máa ta oògùn oríkèé lọ́jà wọn. Ṣùgbọ́n àṣà ibẹ̀ le: ẹni tí yóò joyè yóò bọ́ bàtà, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò sì fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á.

Lóṣù náà, ẹ̀rù ń bà á kí ẹnì kan má lọ rí òun ní Àkànràn. Kò lọ. Oògùn tán nílé. Ọjọ́ oyè ku ọ̀la, ó jókòó ti àwo ẹ̀dọ̀ màlúù.

"Baba Najeem," ni Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé nọ́ọ̀sì ò ní kí ẹ jìnnà sí ẹ̀dọ̀ àti ẹran ìgbẹ́ ni?"

"Ìyá Najeem, ẹni tó fẹ́ joyè, ṣé ewé ni yóò máa jẹ bí ewúrẹ́? Ẹran tí kò bá fẹ́ kí n jẹ òun, kó má wọ ìkòkò mi. Ẹran ìgbẹ́ ọjọ́sí dà?"

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ti pọ́n bí tàtàṣé. Ó fi tipátipá ki ẹsẹ̀ náà bọ inú bàtà.

Gbogbo abà pé síwájú ilé Baálẹ̀. Mikail bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò ti ilẹ̀ kó lè dìde. Igbe tó ké, adìẹ mẹ́ta sá wọgbó.

"Mikaila, ó tó, dìde," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ̀yin Baálẹ̀, mo ṣì ń bọlá fún yín ni."

"Ọlá yìí mà pẹ́ nílẹ̀ o!"

Múyì bíríkìlà, oníbàárà rẹ̀ pàtàkì, fò síta. "Ẹ má fòyà! Ajírìn wà lọ́wọ́ mi. Dókítà, ẹ lanu."

"Múyì, gbé e kúrò."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kó tó dọ́nà ọ̀fun, àrùn á ti sá. Ẹ lanu, bàbá!"

"Mo ní gbé ìdọ̀tí yìí kúrò lẹ́nu mi! Ẹ sáré lọ gba hóró oògùn mi wá lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Gbọ́njúbọ́lá ní Àkànràn!"

Múyì rọra dé ìgò rẹ̀ padà.

"Hóró oògùn wo?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Ti gáòtù, Baálẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

Ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn rántí irọ́. "Ọdún mẹ́ta."

Ìyá Kaothar, arúgbó tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Mikaila! Èmi tí o ní kí n da oògùn ọsibítù mi sí ṣáláńgá ńkọ́?"

Fàtímọ̀ fi ìborùn bojú. Àwọn kan rò pé ó ń sunkún, àfi ìgbà tí ẹ̀rín já a gbà. Bí gbogbo abà ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ọkùnrin mẹ́rin gbé Dókítà Àgbà sínú mọ́tò Baálẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta ní fèrèsé. Ìyá Kaothar ti jókòó síwájú ní tirẹ̀. Òun náà ń lọ sí Àkànràn.

Mikail yọrí. "Ẹ̀yin Baálẹ̀, oyè mi ńkọ́?"

"Ó wà ńlẹ̀, Mikaila. Ọjọ́ tí o bá lè dìde ńlẹ̀, wá gbà á."