Ìràwọ̀ Wúrà Dókítà Fọláránmi

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà, ọdún 2025. Ilé igba ó lé méjìlá. Bí òjò bá ti rọ̀ ní Ajah, omi a wọ gbogbo wọn.

Ìjọba ní ibi tí máàpù bá ní omi ti ń wọlé làwọn yóò gbẹ́ gọ́tà sí. Dókítà Fọláránmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíya máàpù náà fún: Fọláránmi Ayé-wà-lápò-mi, Mo-mọlẹ̀-ju-ẹni-tó-ń-tẹ̀-ẹ́. Oyè rẹ̀ wà níwájú káàdì rẹ̀, ó tún wà lẹ́yìn, nítorí ẹni tó bá gbà á lódì.

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní R ló ń lò. Ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún àríwá, ọ̀kan fún ìlà-oòrùn. Dókítà fi ọ̀kan sí ipò èkejì. R kìlọ̀ fún un ní lẹ́tà pupa: ilé igba ó lé méjìlá ti bọ́ sí ìta máàpù, mo ti yọ wọ́n.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń sọ, sà," ni Olúwadábírà, akọ̀wé rẹ̀, wí.

"Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í bá ọ̀gá jiyàn. Pa á lẹ́nu mọ́!"

Wọ́n kọ àṣẹ tó ń pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́. Máàpù jáde, ó mọ́ tónítóní. Dókítà wá fi ìràwọ̀ wúrà kan sí i lọ́nà kan náà fún ilé tirẹ̀ ní VGC, àdúgbò àwọn olówó.

Ní ìpàdé àdúgbò, àwọn ará Ajah ká ṣòkòtò dé orúnkún. Aṣojú ìjọba jókòó níwájú, máàpù sì ń hàn lára ògiri.

"Ẹ bá mi yọ̀," ni Dókítà wí. "Omi ò wọ ilé kankan. Òdo! Ẹ ò nílò gọ́tà."

Bàlíkísù aránṣọ dìde. "Dókítà, orí tábìlì ni máṣíìnì mi sùn lánàá. Ilé mi dà?"

"Àǹtí, ojú lẹ fi ń wò ó. Sáyẹ́ǹsì ni tèmi. Ẹ jẹ́ n fi ilé mi hàn yín, kẹ́ ẹ mọ bí ilé gbígbẹ ṣe ń rí."

Ó wá ìràwọ̀ náà tì. Ó fẹ máàpù lójú. Lekki kéré. Èkó kéré. Òkun ń gbòòrò. Láàárín agbami ni àmì pupa ilé igba ó lé méjìlá ti kó jọ, ìràwọ̀ wúrà sì jókòó sáàárín wọn.

"Ilé mi rèé o!" ni Bàlíkísù ké. "Dókítà, a ti di aládùúgbò!"

"Èyí... àsọtẹ́lẹ̀ ni. Òkun ń bọ̀."

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ tiyín ná," ni Gàníyù awakọ̀ dá a lóhùn. "Ṣé ẹja ló ń ṣe mẹ́gádì yín?"

Aṣojú ìjọba ní kí Olúwadábírà tú ẹnu R sílẹ̀, kó ka lẹ́tà pupa náà sókè. Ó kà á. Dókítà bẹ̀ ẹ́ pé kó má kà á mọ́. Ó tún un kà.

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Dókítà. Wọ́n sún gọ́tà di ẹ̀ẹ̀rùn, títí ẹlòmíràn yóò fi ya máàpù. Òjò kò sún.

Ìwọ tó ń kà á, bí ẹnikẹ́ni bá gbé máàpù wá sí àdúgbò rẹ, má tíì pàtẹ́wọ́. Ní kó kọ́kọ́ fi ilé tirẹ̀ hàn ọ́.