Iyọ̀ Inú Gọ́ọ̀mù

Bí mo bá tiẹ̀ darúgbó tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníròyìn wá ṣe ìpàdé ní ilé ìwé wa ní Kàbà. Ẹgbẹ́ yìí ló ń ran àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọ ìròyìn lọ́wọ́ káàkiri ìpínlẹ̀ wa, àwọn àti àwa tísà tí wọ́n ń pè ní olùdámọ̀ràn wọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé, tí wọ́n ń ṣe ìdíje, ọdún yẹn ló wá kan ìlú wa. Èmi ni olùdámọ̀ràn ní ilé ìwé wa, oyè tí mo jẹ nítorí pé gbogbo tísà yòókù sá fún un.

Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé. Pírínsípà wa ti fẹ́ gba yàrá kékeré tí àwọn ọmọ fi ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, ó fẹ́ máa kó iṣu oko ilé ìwé sínú rẹ̀. Ó ní, "Tísà, iṣu ṣeé jẹ. Ìròyìn yín ò ṣeé jẹ. Àyàfi tí ẹ bá gba ẹ̀bùn kan nínú ìdíje yìí, iṣu ló ni yàrá yẹn." Àwọn ọmọ gbọ́, inú wọn bàjẹ́. Inú tèmi náà bàjẹ́, nítorí inú yàrá yẹn ni mo ti máa ń sùn díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ìwé ìròyìn ara pátákó ni a fẹ́ fi díje, irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ ìròyìn àti àwòrán mọ́ kí gbogbo èèyàn lè dúró kà á. Ìròyìn tó wà lókè pátápátá dá lórí alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, tó sùn nínú ìpàdé tí wọ́n pè nítorí ọgbà tó yẹ ká fi yí ilé ìwé wa ká. Ó hanrun débi pé ìpàdé tú ká, ọ̀rọ̀ ọgbà ò sì yanjú. Alága yìí ni bàbá Fúnmi, ọmọbìnrin tó jẹ́ olóòtú wa. Fúnmi wá bẹ̀ mí.

"Sà, bàbá mi ni o. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Mo gbé ohùn sílẹ̀ bí àgbà. "Fúnmi, oníròyìn kì í wojú. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, mo tún un sọ kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ lẹ bébà, gọ́ọ̀mù tán. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Mo po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú omi gbígbóná, mo sì da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i kó má bàa kan. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n fi iyọ̀ sí i o, ọgbọ́n orí tèmi ni. Èyí tó ṣẹ́kù, mi ò dà á nù, mo fi rẹ káfútáànì funfun tí n ó wọ̀. Nígbà tó gbẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn èèyàn ti Iyara dé, ti Ògìdì dé, gbọ̀ngàn kún. Gọ́ọ̀mù wa ò tíì gbẹ dáadáa, mo bá gbé pátákó sábẹ́ igi máńgòrò kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Fúnmi ní kí ẹnì kan nínú wọn dúró tì í. Mo ní rárá, kí wọ́n wọlé lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, èmi fúnra mi ni yóò ṣọ́ ọ. A kì í sáà fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ.

Mo ṣọ́ ọ lóòótọ́, títí olùdámọ̀ràn ilé ìwé kan láti Iyara fi wá kí mi. Wọ́n ti lọ fi ẹ̀rọ tẹ ìwé tiwọn, ó ń dán bíi kàlẹ́ńdà. Ìlara mú mi. Mo kẹ̀yìn sí pátákó, mo dojú kọ obìnrin náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn gọ́ọ̀mù mi.

"Àǹtí, ọgbọ́n ilé ni. Kò sí ohun tó lè já bébà yẹn kúrò."

Ó ń wo ẹ̀yìn mi. Ó rọra ní, "Sà, ewúrẹ́ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

Mo yíjú. Ewúrẹ́ dúdú kan ti gbé ẹsẹ̀ iwájú lé pátákó, ó ń lá a, ó ń ya á, ó sì ń gbé e mì. Ó ti jẹ ìròyìn bàbá Fúnmi tán, ó ti dé orí eré bọ́ọ̀lù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé Pírínsípà ò mọ ohun tó ń sọ: ìròyìn ṣeé jẹ dáadáa.

Mo sáré sí i, mo di bébà ẹnu rẹ̀ mú. Ó fà, mo fà, bébà já sí méjì. Mo rò pé yóò sá, àmọ́ ó gbóòórùn aṣọ mi, ó tọ́ etí rẹ̀ lá, ó sì mọ̀ pé iyọ̀ wà níbẹ̀ náà. Bí ó ṣe gbá etí káfútáànì mi mú nìyẹn. Èmi tí mo ń lé ewúrẹ́ wá di ẹni tó ń sá fún ewúrẹ́. Mo kọrí sí gbọ̀ngàn, ó tẹ̀ lé mi, kò sì tú aṣọ mi sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti fẹsẹ̀ kọ, àsìkò náà gan-an ni ààrẹ ẹgbẹ́, màmá àgbà kan báyìí, ń jáde bọ̀ pẹ̀lú Pírínsípà. Mo fi àyà lélẹ̀ gbalaja níwájú wọn.

Màmá wò mí nílẹ̀. "Okun o, Tísà," wọ́n kí mi bí a ṣe ń kíni lágbègbè wa. "Ìkíni yìí ti pọ̀ jù. Ẹ dìde."

Àwọn adájọ́ dé ìdí pátákó wa, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju àlọ́ àpamọ̀ kan àti ìdajì ìròyìn ojú ọjọ́. Wọ́n béèrè ìyókù. Fúnmi na ọwọ́ sí ewúrẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ máńgòrò, tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọn ò sì fún wa ní nǹkan kan. Ti Iyara ló gba ipò kìíní. Àánú àwọn ọmọ náà ṣe mí, mi ò lè wò wọ́n lójú. Èmi ni mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́, kì í ṣe ewúrẹ́.

Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo, ti àwòrán ìròyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yà lọ́jọ́ yẹn gan-an, àmọ́ olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè fi sílẹ̀. Fúnmi gbé fóònù ilé ìwé wá bá mi.

"Sà, a ní fọ́tò kan."

Mo wò ó. Èmi nìyẹn nílẹ̀, ẹsẹ̀ Màmá níwájú mi, ewúrẹ́ lẹ́yìn mi, ìwé ìròyìn ń fì lẹ́nu rẹ̀, ó sì ká káfútáànì mi sókè débi tí ṣòkòtò alábùlẹ̀ tí mo rò pé mo ti bò fi hàn kedere.

"Fúnmi, pa fọ́tò yìí rẹ́."

"Sà, oníròyìn kì í wojú."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọmọ ọlọ́mọ. "Ṣé a ò lè gé e, kó jẹ́ ewúrẹ́ nìkan ló máa hàn?"

"Ṣé a gé bàbá mi, Sà?"

Mo wo yàrá wa lókèèrè. Wọ́n ti to iṣu díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ mú un lọ." Àwọn ọmọ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ fúnra wọn: *Ìròyìn ṣeé jẹ.*

Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò náà sójú gbọ̀ngàn, Pírínsípà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwa la gba ipò kìíní. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó iṣu kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹgbẹ́ náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé ní ìpínlẹ̀ yìí, àna mi pè mí láti Odo-Ape láti béèrè bóyá ewúrẹ́ náà ò ṣe mí léṣe. Bàbá Fúnmi, tí ewúrẹ́ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ wa, tún pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ ọgbà, kò sì fojú ba oorun títí wọ́n fi dá owó rẹ̀ jọ.

Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ sọ fún ọmọ kan pé oníròyìn kì í wojú, mo kọ́kọ́ máa ń rántí ṣòkòtò mi, mo sì máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Gọ́ọ̀mù, mo ń rà á lọ́jà. Lọ́dọọdún tí ẹgbẹ́ bá pàdé, Màmá ààrẹ á rí mi lókèèrè, wọ́n á ní, "Okun o, Tísà. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, ẹ má dọ̀bálẹ̀." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi wò kí n tó dáhùn.