Ìgè Àdùbí, Akọni Tó Ru Odidi Abúlé Padà Wálé

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n kí akọni kí n tó ròyìn ogun. Ìgè Àdùbí, ọmọ Oyèéwùmí tó ra agogo kẹ̀kẹ́ ní ọdún mẹ́sàn-án kó tó ra kẹ̀kẹ́. Ọmọ-ọmọ Ògúngbèmí tó bá ewúrẹ́ jà nítorí èèpo iṣu, tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí. Erin tí í ru apẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà oko í mì tìtì!

Apẹ̀rẹ̀ kí ni? Apẹ̀rẹ̀ fóònù ni. Iná ìjọba ò dé Aba Olórógbó rí, Ìgè ló ń kó àádọ́jọ fóònù ará aba lọ gba iná ní ṣọ́ọ̀bù Lásúnkànmí nílùú Ọ̀pọ̀tọ́. Jẹnẹrétọ̀ ibẹ̀ kéré. Àwọn fóònù á tò bí aláìsàn, oorun tí wọ́n ń sùn lọ́hùn-ún sì ju ti ilé lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìjọba ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ àwọn fóònù náà. Kànga ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ síbi tí èrò bá wà, wọ́n sì ní ibi tí fóònù bá ń sùn lènìyàn ń sùn.

Ni òṣìṣẹ́ ìjọba bá gbé kọ̀ǹpútà dé aba. Ìyá Moróhunfólú ló bá pàdé, ó ń ti odò bọ̀, garawa omi ẹrẹ̀ wà lórí rẹ̀.

“Ìyá, ẹ̀rọ wa ní kò sẹ́ni tó ń gbé abúlé yín. Ṣọ́ọ̀bù Lásúnkànmí lèrò wà.”

Ìyá sọ garawa kalẹ̀. “Ọmọ mi, ta wá lò ń bá sọ̀rọ̀?”

Ọmọkùnrin náà yẹ kọ̀ǹpútà wò dáadáa, ó ní òun ò rí wọn níbẹ̀. Ó ní bí nǹkan ò bá yí padà láàárín oṣù kan, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni kànga ń lọ. Àwọn àgbà kọ̀wé, wọ́n tẹ̀ka. Ìjọba fèsì pé ẹ̀rọ kì í purọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ìgè dìde bí ìjì, ó já wọ Ọ̀pọ̀tọ́, ó bẹ Lásúnkànmí títí ó fi yá a ní jẹnẹrétọ̀.

“Ìgè, bó bá bọ́ sódò, ìwọ náà má wulẹ̀ jáde.”

Akọni gbé e karí, ó fi apẹ̀rẹ̀ kọ́rùn, ó ya wọ odò. Omi mù ún dé ìbàdí, àádọ́jọ fóònù ń han láyà rẹ̀ bí ọmọ ogun tó ń ké ìbòsí, alákàn gé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀. Kò wẹ̀yìn, kò ṣẹ́jú, ó gúnlẹ̀!

Odidi oṣù kan ni jẹnẹrétọ̀ fi bú ramúramù láàárín aba, fóònù kankan ò sùn síta. Lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, òṣìṣẹ́ ìjọba padà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kí wọn kú àbọ̀ sí abúlé tí wọ́n bí wọn sí. Omi tú jáde, ó mọ́ gaara.

Mo kéde rẹ̀ kí ayé gbọ́: àwọn jagunjagun àtijọ́ kó ẹrú, wọ́n kó ẹrù, Ìgè Àdùbí nìkan ló kó odidi abúlé sínú apẹ̀rẹ̀ kan, tó rù ú délé, tí ìjọba fi gbà pé àwọn tó ti ń dìbò fún un láti ogójì ọdún ti wáyé lóòótọ́. Láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ wà láàyè lójú ìjọba, Ìgè ni kó lọ bá!