Igi Tí Olóyèdé Ní Iná Yóò Tọ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú? Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Olóyèdé ará abà Gbọ̀ọ̀rọ̀ ló fà á.

Ọkùnrin yìí lágbára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun níṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ wá kí wọn nígbà àkọ́kọ́, Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé:

"Ọkọ mi, ẹ bá mi la igi o. Èyí tó tọ́ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì gé e kúkúrú. Ẹnu ààrò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kò fẹ̀."

"Ta ni kò mọ igi í là?" Olóyèdé gbé àáké kọ́ èjìká.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí ẹ̀ka kan lẹ́bàá ọ̀nà, tó kákò bí orúnkún arúgbó. Ó sọ àáké lé e. Gbì! Àáké ta padà, díẹ̀ ló kù kó bá a níwájú orí. Ó tún gbìyànjú, kókó igi ló tún bá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sẹ́ni tó rí i. Ló bá gbé igi náà relé lódidi.

"Èyí ò lè wọ ààrò o," Àwẹ̀ró wí.

"Iná ló máa tọ́ ọ."

Ó ti orí igi bọ ààrò. Bó bá ti fi í sílẹ̀, igi a yí, ìkòkò ọbẹ̀ a mì tìtì. Nígbà tó sú u, ó jókòó lé ìdí igi tó yọ síta kó má baà yí mọ́, ara rẹ̀ wá balẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó bá a.

Àna dé, ọkọ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Bí Olóyèdé ṣe dìde báyìí, igi fò sókè! Ìkòkò dojú dé, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ṣàn lọ, ẹ̀yinná fọ́n ká, ọ̀kan sì bà sí etí òrùlé koríko.

"Iná o!" Àwẹ̀ró figbe ta.

Ìyá gbá korobá omi mú, ó dà á sókè. Ìdajì pa iná, ìdajì rọ́ lé Olóyèdé lórí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

Ìyá wo ààrò, ó wo àna rẹ̀, ẹ̀rín pa á. "Háà! Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú!"

Olóyèdé gbórí sókè nínú ẹrẹ̀. "Ìyá, ṣé igi lẹ̀ ń bá wí, àbí èmi?"

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ lọ wẹ̀ ná."

Iṣu sísun ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń da ilé rú, àgbà kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á kàn ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú.