Ìkéde Lórí Káàdì Mẹ́tàlélógójì Tí A Kọ Sórúkọ Bàbá Adéṣọkàn

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdóṣùn, tilé toko, ẹ fetí sí agogo! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè dúró. Ẹni tó ń jà, kó sinmi ná, ìjà ò ní sá lọ. Láti ààfin ni ọ̀rọ̀ ti wá. Akéde Ọlátẹ́jú kò fi tirẹ̀ kún un, àfi níbi tó bá yẹ.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ìlú wa ti ní pátákó iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Oyèníran, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú, ló mú un dé. Ohun tó bá bàjẹ́ nílùú, a ó kọ ọ́ sí káàdì kan lórí pátákó náà, a ó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò tún un ṣe. Ibi mẹ́ta ni káàdì ń gbà kọjá: Kò Tíì Bẹ̀rẹ̀, Ó Ń Lọ Lọ́wọ́, Ó Ti Parí. Ó dára. Ẹ̀rọ ò kàn mọ Ìdóṣùn ni.

Ní Ìdóṣùn, a kì í fi àgbà sílẹ̀ ká dárúkọ ọmọdé. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ béèrè pé ta ni yóò ṣe iṣẹ́, àgbà la kọ. Káàdì mẹ́tàlélógójì! Káàdì mẹ́tàlélógójì, orúkọ Bàbá Adéṣọkàn ló wà lórí gbogbo wọn! Ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́rùn-ún! Pọ́ńpù ọjà, Bàbá ni. Òrùlé ilé ìwé, Bàbá ni. Ajá Olóyè Jagùn tó ń lé àlejò kiri, Bàbá náà ni. Múfúlíù káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí afárá odò Ẹ̀sun, ń wo pákó tó já lójoojúmọ́. Ó ní òun kò rí orúkọ òun lórí káàdì afárá, ti Bàbá ló wà níbẹ̀.

Lábẹ́ káàdì afárá yẹn, ọgọ́ta ènìyàn ló kọ nǹkan síbẹ̀. Gbogbo wọn ló kọ Ẹ kú iṣẹ́, tàbí Ọlọ́run á ṣe é, tàbí Àmín. Lọ́jọ́ tí Kábíyèsí fẹ́ wo pátákó, Olóyè Jagùn sún káàdì afárá sí Ó Ti Parí, kí ojú má bàa ti ìlú.

Ẹ̀rọ bá kọ̀wé sí fóònù Bàbá: A kú oríire, Adéṣọkàn, o ti tún afárá ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kà á sí i létí. Bàbá mọ̀ pé òun ò kan ìṣó kankan. Ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe tì í lójú. Ó mú òòlù, ó mú ìṣó, ó kọrí sódò.

Àwọn obìnrin tó ń lọ pọnmi ló bá a láàárín afárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti há sínú ihò. Ṣùgbọ́n ó ti kan pákó méjì, ó sì kàn wọ́n dáadáa. Bàbá wà láàyè o. Ẹsẹ̀ wú, kò ṣẹ́. Ojú ti akéde yín. Akéde wà lára àwọn tó kọ Àmín.

Nítorí náà, ààfin pàṣẹ! Ààfin pàṣẹ!

Òfin kìíní: káàdì kan, ẹnì kan, ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ náà! Ẹ lè dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kí ẹ tó yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣáà yọ ọ́.

Òfin kejì: a ò fẹ́ Àmín lábẹ́ káàdì mọ́! Ibi tó bàjẹ́, ohun tó kù, ọjọ́ tí yóò parí, ìyẹn ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá kọ Ọlọ́run á ṣe é, òun ni yóò ru pákó dé odò. Pákó ti wà nílẹ̀ ní ààfin.

Òfin kẹta: ẹni tó bá ní ó ti parí, kó kọ́kọ́ lò ó! Ẹ ní pọ́ńpù ti dára, ẹ mu omi rẹ̀. Ẹ ní òrùlé ti dára, ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ lójò. Olóyè Jagùn yóò jẹ oúnjẹ ọ̀sán láàárín afárá fún ọjọ́ méje, tòun ti fìlà oyè. Ajá rẹ̀ yóò bá a jókòó.

Òfin kẹrin ṣì wà ní Ó Ń Lọ Lọ́wọ́.

Bí ààfin ti wí ni akéde wí. Ṣùgbọ́n ìkéde yìí fúnra rẹ̀ ti di káàdì kẹrìnlélógójì, orúkọ Ọlátẹ́jú nìkan ló sì wà níbẹ̀. Kò ní parí títí ará òdìkejì odò yóò fi gbọ́. Múfúlíù ṣì ń wọn pákó. Pákó méjì tí Bàbá kàn nìkan ló dúró ṣinṣin. Akéde ń gba orí afárá náà lọ báyìí.

Bí ẹ bá gbọ́ agogo lódìkejì, ẹ kọ Ó Ti Parí. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ẹ ṣí káàdì tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ orúkọ Bàbá sí i.