Òfin Tó Fẹ́ Pa Àmọ̀ó Akéde Lẹ́nu Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o, gbogbo ará Ìgbó-Ọ̀sán! Ẹ̀yin tó ń fọṣọ, ẹ máa fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi etí kan sílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń jà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ ó padà bá ìjà yín níbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Káńsù ló rán akéde sí yín.

Káńsù ní kí ìlú gbọ́ bí Òfin Ẹnu Mímọ́ ṣe dé, bó ṣe mú Àmọ̀ó akéde, àti ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lónìí. Àmọ̀ó náà ló ń ké yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ pé "èmi," nítorí ẹni tó bá ń sọ "èmi" kì í pẹ́ dá ara rẹ̀ láre. Nítorí náà, Àmọ̀ó lẹ ó máa gbọ́, bíi pé ará ìlú mìíràn ni.

Ẹ kúkú mọ Àmọ̀ó. Ọkùnrin gíga ni. Ohùn rẹ̀ ń dé òdì kejì odò. Ọgbọ́n rẹ̀ kì í sábà rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àgbẹ̀, igbó bo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó gé ṣòkòtò ìmáàmù kúrú lẹ́sẹ̀ kan. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe ni kó máa pariwo, káńsù sì gbà á síṣẹ́ ariwo. Mùsùlùmí ni. Dẹ́bórà, ìyàwó rẹ̀, ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, níbi tí wọn kì í ti í wọ bàtà. Àwọn méjèèjì máa ń fi ẹ̀sìn ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. Dẹ́bórà á ní ìrun àárọ̀ ọkọ òun máa ń bá oòrùn lójú ọ̀run. Àmọ̀ó á ní nínú ilé àwọn, bàtà ìyàwó òun nìkan ló ń sinmi lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀fẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń jẹun.

Ohun tó bí òfin náà nìyí. Lọ́dún yìí, òjò pẹ́, kò tíì dé. Gbogbo kànga gbẹ. Ẹ̀rọ omi tí káńsù gbẹ́ sí ojúde Arẹ̀mọ nìkan ló ń yọ omi, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Jósáyà, alága ìgbìmọ̀ omi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Jósáyà. Kì í bú ẹnikẹ́ni. Bí ọmọdé bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò bẹ ọmọ náà.

Ìyá Ẹfúnyẹmí gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Òun ni ìyá àgbà tó ń bọ Ọbàtálá ní ìsàlẹ̀ ìlú, tí aṣọ rẹ̀ máa ń funfun ju ti ìjọ Dẹ́bórà lọ. Nígbà tó kàn án, Jósáyà ti ẹ̀rọ pa.

"Ẹ má bínú, Mama," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àdúrà la fi ṣí ẹ̀rọ yìí. A ò lè jẹ́ kí wọ́n máa gbé omi rẹ̀ lọ síwájú òrìṣà. Ẹ gba odò lọ, omi ṣì wà níbẹ̀."

Pásítọ̀ kan wà lórí ìlà. Àfáà kan náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti mọ ara wọn, wọn ò fohùn ṣọ̀kan rí. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jọ wolẹ̀ pa pọ̀ ni.

Ìyá Ẹfúnyẹmí gba odò lọ. Ó yọ̀ lórí òkúta, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko ló gbé e wálé.

Nígbà tí Arábìnrin Bísóyè, alága káńsù wa, gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó pe ìpàdé. Ó ṣe àṣẹ kan ṣoṣo, àṣẹ tó dára ni. Ṣùgbọ́n tíì kò tíì tán nínú ife àwọn ìgbìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mu tíì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kún òfin. Nígbà tí tíì fi máa tán, ohun tí wọ́n gbé lé Àmọ̀ó lọ́wọ́ nìyí. Ó sì ké e bó ṣe wà, pẹ̀lú ojú líle:

Àṣẹ kìíní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi, ilé, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ du ọmọnìkejì rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn.

Àṣẹ kejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ tàbí kó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ìbáà ṣe lójú, ìbáà ṣe lẹ́yìn, ìbáà ṣe lójú oorun.

Àṣẹ kẹta. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rín bá ń bọ̀, kí onítọ̀hún ki aṣọ bọ ẹnu títí yóò fi kọjá.

Àṣẹ kẹrin. Ẹni tó bá sùn nídìí ìwàásù, ìhanrun rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìlà ìjókòó rẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún. Àkùkọ tó bá kọ lásìkò tí wọ́n ń pe ìrun, olówó rẹ̀ ni yóò wá ṣàlàyé ohun tí àkùkọ náà ní lọ́kàn.

Ìjìyà rẹ̀: kí arúfin jókòó sórí ẹní níwájú káńsù lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n fi aṣọ dì í lẹ́nu títí ọjà yóò fi tú, kí akéde sì kéde rẹ̀ fún ìlú. Ẹni tó bá sì bẹ̀bẹ̀ fún un, kó lọ jókòó tì í.

Ìlú dákẹ́. Àwọn àna kò lè bá ara wọn ṣeré mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ariwo ẹ̀rọ ìfárí nìkan lẹ ó máa gbọ́. Ọkùnrin kan fi okùn so àkùkọ rẹ̀ lẹ́nu, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa adìẹ náà kú. Nílé Àmọ̀ó, Dẹ́bórà gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó kí i, ó jókòó. Àmọ̀ó wá ọ̀rọ̀ sọ, kò rí. Ó wá yé e pé láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ́ra, ẹ̀fẹ̀ nìkan ni òun mọ̀ ọ́n bá a sọ.

"Ọbẹ̀ yìí dùn," ló wí níkẹyìn.

Dẹ́bórà fọwọ́ kàn án níwájú orí bóyá ibà ló ń ṣe é.

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ Jósáyà. Ó gbọ́ àṣẹ kìíní dáadáa, nítorí náà kò dárúkọ ẹ̀sìn mọ́. Bí ará ilé Ìyá Ẹfúnyẹmí bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ̀rọ á bàjẹ́. Bí wọ́n bá ti padà, ẹ̀rọ á yá. Nígbà tó sú Ẹfúnyẹmí, ọmọ tí ìyá náà bí, ó dúró sídìí ẹ̀rọ, ó là á mọ́lẹ̀: "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ sọ òótọ́. Nítorí pé òrìṣà là ń bọ lẹ ṣe ń ṣe báyìí. Ṣé ohun tí wọ́n fi kọ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyí?"

Jósáyà kò bá a jà. Ó gba káńsù lọ, ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀sìn òun. Àṣẹ kejì mú Ẹfúnyẹmí. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ìyá rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kó sí i lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ọjà náà gan-an ni Àmọ̀ó ń tún òfin ké. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣẹ kìíní, ó ké dé ìkarùn-ún. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí Ẹfúnyẹmí lórí ẹní, omijé ń ṣàn sínú aṣọ tí wọ́n fi dì í lẹ́nu. Ẹnu Àmọ̀ó kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ṣí fúnra rẹ̀.

"Àṣẹ kẹfà," ló ké. "Láti òní lọ, òjò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ìjọ tí èèyàn ń lọ kó tó rọ̀ sórí òrùlé rẹ̀. Òjò tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Jósáyà."

Ẹ̀rín bú sọjà. Gbogbo ọjà rú àṣẹ kẹta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan sáré ki aṣọ bọ ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ káńsù kò lè mú gbogbo ọjà, wọ́n mú Àmọ̀ó. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, ó ń gbé àyà síwájú. Ó ń rò ó pé òun ti di akọni, pé wọn ó fi orúkọ òun sọ àdúgbò kan.

Níwájú Alága, ìṣòro kan dìde. Òfin ní kí wọ́n di arúfin lẹ́nu, kí akéde sì kéde rẹ̀ fún ìlú. Bí wọ́n bá wá di akéde lẹ́nu, ta ni yóò kéde pé wọ́n ti dì í? Ìgbìmọ̀ rò ó títí. Akọ̀wé dábàá pé kí Àmọ̀ó kọ́kọ́ kéde ara rẹ̀ ná. Àmọ̀ó ní òun gbà, bí wọ́n bá lè kà á sí iṣẹ́ oòjọ́.

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Ìyá Ẹfúnyẹmí, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì lé itan. "Ìyá, nítorí yín la ṣe ṣòfin yìí. Kí lẹ rí sí i?"

"Ẹ ṣeun, Alága," ni ìyá náà wí. "Ọ̀gbẹ́ni Jósáyà kò fi mí ṣẹ̀fẹ̀ rí. Mama ló ń pè mí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì ti ẹ̀rọ pa. Òfin yín wá gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ mi, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni. Omi ni mo bèèrè. N ò ní kẹ́ ẹ di ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Àmọ̀ó ń mi orí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Ìwọ Àmọ̀ó, dúró ná," ni ìyá náà wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé mi bọ̀ láti odò, ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, tí o ní òrìṣà tó funfun báyìí kò mọ òkúta dúdú yà fún. Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Egungun mi ti ṣẹ́, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Ìwọ kọ́ lo ti ẹ̀rọ pa, mo mọ̀. N ò fẹ́ kí wọ́n dì ọ́ lẹ́nu. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé ó dùn mí."

Àmọ̀ó ti gbàgbé ẹ̀fẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tó ṣe é, ó lọ sùn, ó sùn dáadáa. Ó wá ibi tí yóò fọwọ́ sí, kò rí. Àyà tó gbé wọlé rọra padà sáyè rẹ̀.

Alága bi Jósáyà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bóyá ẹ̀rọ bàjẹ́ lóòótọ́. Jósáyà yọ kọ́kọ́rọ́ lápò.

"Kò bàjẹ́, mà," ló wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé ìjọ yóò ní mo ń fi omi àdúrà bọ òrìṣà."

Alága na ọwọ́, Jósáyà sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e. "Èmi náà jẹ̀bi," ni Alága wí. "Àṣẹ kan péré ló yẹ kí n ṣe, kí n dìde nídìí tíì." Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ tú aṣọ lẹ́nu Ẹfúnyẹmí lójú gbogbo ọjà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ tuntun. Kò pọ̀.

Àṣẹ kìíní dúró. Ẹ̀rọ omi kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹni tó bá lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí rẹ̀, òun ni yóò máa pọn omi fún ilé onítọ̀hún títí òjò yóò fi dé.

Àṣẹ kejì. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá rí nípa ẹ̀sìn, tiyín àti ti ẹlòmíràn. Ẹ bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n na èèyàn tàbí kí wọ́n lé e nílé nítorí ẹ̀sìn, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti parí rẹ̀.

Àṣẹ kẹta. Ẹni tí ẹ̀fẹ̀ bá gún lọ́kàn lè ránṣẹ́ pe ẹlẹ́fẹ̀ kó wá jókòó gbọ́ ọ. Kò sí owó ìtanràn. Kó kàn jókòó, kó má sọ̀rọ̀.

Ní ti àkùkọ, wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Àmọ̀ó ni àṣẹ kẹta kọ́kọ́ mú. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó jókòó sórí àpótí nílé Ìyá Ẹfúnyẹmí. Ìyá sọ bí ọ̀nà odò ṣe gùn tó, bí òkúta ṣe ń yọ̀, bí òun ṣe dùbúlẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọjá. Ó ní òun ké pe Ọbàtálá. Nígbà tó pẹ́, òun ké pe Jésù, òun tún ké pe Allah, torí òun ò mọ irú ẹni tí yóò gbọ̀nà oko bọ̀, òun sì fẹ́ kó yé onítọ̀hún.

Ẹ̀fẹ̀ kan dé ẹnu Àmọ̀ó níbẹ̀. Kò tíì ní èyí tó dùn tó o rí. Ó gbé e mì.

Ìyá wò ó. Ẹ̀rín ń bọ̀ lójú òun alára. "Sọ ọ́," ló wí. "Mo rí i pé ó ń jó ọ lẹ́nu."

Àmọ̀ó mi orí pé rárá. Ó dìde, ó bèèrè ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán akéde ló jẹ́ tán yìí. Ẹni tí akéde bá ṣẹ̀, kó wá sọ ọ́ lójú rẹ̀. Àpótí ti ń mọ́ ìdí rẹ̀ lára.